Páì Oníwàrà Ìyàwó Akínyẹmí

Kí n tó sọ ohun rere kankan nípa Rebecca, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo jowú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọkọ. Àbúrò ọkọ mi ni ọkọ tirẹ̀, mo sì mọ bí Akínyẹmí ṣe máa ń hanrun bó bá sùn. Kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ fi ìyẹn jowú. Kì í ṣe nítorí ẹwà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èjí wà lẹ́nu rẹ̀, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń bínú sí i á gbàgbé ohun tó fẹ́ wí. Nítorí ohun ìpanu kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ni. Èmi àgbàlagbà obìnrin, olùkọ́, ìyá ọmọ mẹ́rin, mo jowú ọmọbìnrin tí mo fi ọdún mẹ́tàlá jù lọ nítorí páì.

Felicia ni orúkọ mi. Èmi ni ìyàwó Philip Ògúnjìmí, wolé-wolé tí gbogbo Aramoko ń sá fún nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nínú agbo ilé wa, èmi ni ìyálé, nítorí èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé nínú gbogbo ìyàwó àwọn ọmọ Yèyé Ẹ̀yínadé. Iṣẹ́ ìdáná ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú gíláàsì lára ògiri pálọ̀. Mo ní ọ́fúùnù onígáàsì ní ìgbà tí méjì péré wà ní ìlú. Ìkejì wà nílé dókítà, ìyàwó rẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n lò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gé kéèkì, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Yèyé alára, ìyá ọkọ wa, kì í gba ohun ìpanu lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bọ́ńsì mi ló ń fi mu ẹ̀kọ láràárọ̀, fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ta bá mi.

Ọdún 1981 ni Akínyẹmí mú Rebecca wálé láti Ẹ̀fọ̀n. Awakọ̀ akóyọyọ ni Akínyẹmí, ó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ rẹ̀ ló gbóná lórí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ kan, tí kò lè gòkè mọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan gbé omi wá láti ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì dúró ń fi ọkọ̀ òun rẹ́rìn-ín títí omi fi tán. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, a ti ń kó iṣu lọ ilé bàbá ọmọ náà, Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n Rebecca kì í ṣe ọmọ Ẹ̀fọ̀n lásán. Àbúrò ìyá rẹ̀ fẹ́ ará Èjìgbò kan tó ń ṣòwò ní Abijáàn, wọ́n sì mú Rebecca lọ síbẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó bàlágà, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ará Lẹ́bánónì kan tó ń ṣe búrẹ́dì àti oríṣiríṣi ohun dídùn. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀ kó tó padà sílé ní Ẹ̀fọ̀n. Kò ka ìwé kọjá ibi tí ó ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Bó bá ń dùnnú, èdè Ẹ̀fọ̀n ló ń sọ. Bó bá bínú, èdè Faransé ló fi ń bínú, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ohun tó fi ń bú wa. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ó sì máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá rán an níṣẹ́, á ti dìde kí n tó sọ̀rọ̀ tán. N kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀, ìyẹn pàápàá sì ń bí mi nínú.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, nígbà tí ọyẹ́ ń fà wá létè ya, Rebecca da iyanrìn sínú ìkòkò irin ńlá kan lẹ́yìnkùlé, ó gbé e kaná, ó to nǹkan sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó gbé e sórí iyanrìn náà, ó dé e, ó sì kó ẹyin iná lé ọmọrí. Mo wà ní yàrá ìdáná mi, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní inú iyanrìn ni wọ́n ti ń yan ẹ̀pà, kí ni obìnrin yìí rò pé òun ń ṣe? Kò pẹ́ tí òórùn náà dé. Ṣúgà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ ni, àti bọ́tà, àti nǹkan bí èèpo ọsàn. Ọkọ mi jáde láti yàrá, ó béèrè ohun tí mò ń sè. Mo ní n kò se nǹkan kan.

Ní agbo ilé wa, ohunkóhun tí ìyàwó bá sè, ìyálé ni á kọ́kọ́ bù fún. Rebecca gbé àwo kan wá, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fi wàrà ṣe páì, kí n tọ́ ọ wò. Mo mú ọ̀kan. Bí mo ṣe gé e jẹ, ó fọ́ sí mi lẹ́nu ní ìpele ìpele, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ, wàrà dídùn sì wà nínú rẹ̀, ó rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ àwọn ọmọ ní irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ láti inú ìwé. N kò ṣe é yọrí rí. Mo ní kò burú, mo ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ó gbé èyí tó kù lọ fún Yèyé. Yèyé jẹ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé bọ́ńsì àti ẹ̀kọ lọ bí mo ti ń ṣe, mo sì bá Yèyé tó ti ń jẹun. Páì méjì tó ti sùn ló ń jẹ. Ó ní kí n gbé bọ́ńsì fún àwọn ọmọ.

Bí ẹ bá rò pé kékeré nìyẹn, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì gba àyè yín rí. Mo padà sí yàrá ìdáná, mo jókòó lórí àpótí, mo sì sunkún lórí bọ́ńsì. Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo Sátidé tí Rebecca bá fẹ́ yan páì, mo máa ń jí ní ìdájí láti ṣọ́ ọ. Mo rí i bó ṣe ń po fùláwà, tó ń da omi kan sí i láti inú abọ́ tó dé ní ìdérí. Omi náà funfun ràkọ̀ràkọ̀, òórùn kíkan rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rí i bó ṣe ń fi ìgò yí ìyẹ̀fun náà tẹ́, tó ń to bọ́tà lé e, tó ń ká a bí ẹni ń ká lẹ́tà. Bó bá ti ká a tán, á gbé e wọlé. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí á tún gbé e jáde, á tún yí i, á tún ká a, á tún gbé e wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo sọ fún ara mi pé ó mọ̀ pé mò ń wo òun, ó ń gbé e pamọ́ fún mi ni.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ìyálé wo ló máa jókòó síwájú ìyàwó tí kò kàwé kí ó ní kí ó kọ́ òun? Mo kúkú fúnra mi mọ omi kíkan náà. Omi orí ògì ni, omikan, èyí tó wà nínú ìkòkò gbogbo ilé ní Èkìtì. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè?

Ní òpin oṣù kìn-ín-ní, Ìyáàfin Awóṣùsì wá láti Ìjerò pẹ̀lú obìnrin méjì. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní gbogbo agbègbè náà, ọ̀rọ̀ àpéjọ ọdọọdún ló sì bá wá. Sátidé ni. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Rebecca gbé àwo tèmi wá gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó rí àlejò, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì padà lọ bu omi. Ìyáàfin Awóṣùsì jẹ ọ̀kan. Ó wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ṣe é.

"Èmi ni," mo ní.

N kò gbèrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu. Rebecca sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi mẹ́ta lórí tìréè. Ó gbọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó jáde. Fùláwà ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìyáàfin Awóṣùsì kò wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tèmi ló dì mú. Ó ní kí n ṣe ọgọ́fà fún àpéjọ náà, tí yóò wáyé ní Ìjerò ní agbedeméjì oṣù kẹta, nítorí àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo ní láti fi sọ òtítọ́. N kò sọ ọ́. Mo dúró kí Rebecca wá fúnra rẹ̀ sọ pé òun á bá mi ṣe é, kí n lè ṣe bí ẹni tó ń rò ó. Kò wá. Ó ń kí mi láràárọ̀, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ń gbé páì wá ní Sátidé títí ọyẹ́ fi lọ, tó sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọjọ́ kù méjì, mo ronú pé kò yẹ kí ó wà nílé kí ó máa wò mí. Mo ní kí ó lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ kí ìyá rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti lọ. Mo fún un lówó ọkọ̀. Ó dúpẹ́. Ó dé ẹnu géètì, ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ooru ti dé o."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo ní mo mọ̀, ara mi kì í ṣe igi.

Ọjọ́ tí mo ṣe páì yẹn, oòrùn oṣù kẹta ń pa ewúrẹ́. Mo da omikan sí fùláwà. Mo yí i, mo to bọ́tà lé e, ojú mi báyìí ni bọ́tà náà ṣe yọ́, tó ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún fi fùláwà sí i. Mo ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kíákíá, lórí tábìlì kan náà, nítorí n kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí n máa gbé e kiri. Wàrà tí mo rà láàárọ̀ ni mo po mọ́ ṣúgà bó ṣe wà, pẹ̀lú omi ara rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ọ́fúùnù, àwọn páì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n le, epo bọ́tà ti rin wọ́n, wàrà ti tú jáde ó ti jóná mọ́ abọ́. Gbogbo ilé ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì. Ó yẹ kí n dà wọ́n nù. Ṣùgbọ́n táksí ti ń fun fèrè níta, mo sì ti wọ gèlè mi. Mo bu ṣúgà lé wọn lórí, mo sì kó wọn lọ sí Ìjerò.

N kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Àlejò Àkúrẹ́ gé díẹ̀, ó rọra fi èyí tó kù sábẹ́ ìnuwọ́. Ìyá àgbà kan tó wá láti ìlú Ara ló jẹ tirẹ̀ tán, ó sì fi inú rere pè mí.

"Ọmọ mi," ó ní, "mọ́sà rẹ yìí kò burú, àmọ́ kí ló dé tí ọ kò dín in?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe mọ́sà, ògì kíkan sì ni adùn rẹ̀, nítorí náà ìyá náà kò purọ́. Ìyáàfin Awóṣùsì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní ìyàwó mi ni mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún, òun ló bà á jẹ́. Ó mi orí, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Inú mi balẹ̀ nínú táksí títí a fi dé Aramoko. Kí n sòótọ́, inú mi tilẹ̀ dùn.

Ìyáàfin Awóṣùsì kì í ṣe ẹni tó ń rí ọmọ tó ṣìṣe kí ó dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó yà nílé wa, ó ní kí n pe ìyàwó náà wá sí pálọ̀. Ó fi sùúrù bá a wí. Ó ní bí ènìyàn bá ní ìyálé tó mọ iṣẹ́, kí ó fara balẹ̀ kọ́ ọ, kí ó má fi ìkánjú ba orúkọ ilé jẹ́. Rebecca, tó ti padà dé láti Ẹ̀fọ̀n, wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ń wo ìwé ẹ̀rí mi lára ògiri.

"Mo gbọ́, mà," ó ní. "Ẹ ṣeun."

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé tó ń fi èdè Faransé bá ìkòkò irin rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó da iyanrìn inú rẹ̀ nù sẹ́bàá ògiri. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì fi í ṣe ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Kò yan páì mọ́. Bí àwọn aládùúgbò bá béèrè, ó ní fùláwà ti wọ́n. Bí Akínyẹmí bá béèrè, ó ní ó rẹ òun. Mo ti borí. Yèyé padà sórí bọ́ńsì mi, mo sì ń gbé e lọ láràárọ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n Yèyé á jẹ ìdajì, á sì gbé ìdajì kalẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ìdajì wọ̀nyẹn.

Nígbà tí òjò oṣù keje dé, Yèyé dùbúlẹ̀. Ara àgbà ni, dókítà ní kò sí àrùn kan pàtó. Kò fẹ́ jẹ nǹkan kan. Ẹ̀kọ tó ṣàn ló ń mu, ìyẹn náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó pe Rebecca, ó ní kí ó bá òun ṣe páì oníwàrà. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ èsì rẹ̀. Rebecca ní kí Yèyé má bínú, wọ́n ti sọ ní Ìjerò pé ìyálé òun ló ni ín, òun kò sì gbọ́dọ̀ bá ìyálé du nǹkan. Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ pé omi ti tán nínú àmù ló ṣe sọ ọ́.

 Yèyé pe orúkọ mi. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Felicia," ó ní, "wọ́n ní ìwọ lo ni nǹkan kan ní ulé yìí, mi ò sì tíì jẹ ẹ́ láti ọwọ́ rẹ rí. Ṣe é fún mi kí n tó lọ."

 Bí Yèyé bá kú láìjẹ ẹ́, ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Kò sí ẹni tó kù láti dá lẹ́bi. Mo jáde lọ bá Rebecca níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó kéré síni, nítorí náà mo dúró gbagidi bí ọ̀pá, mo ní kí ó kọ́ mi. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ.

"Ẹ lọ sí Ìjerò ná, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ohun tí ẹ sọ fún wọn pé mo bà jẹ́, ẹ lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi."

Mo ní ṣé kò rí i pé ara Yèyé kò yá ni. Ó ní òun rí i. Ó tún bu ẹ̀gúsí mìíràn. Mo bínú débi pé mo fẹ́ da ẹ̀gúsí náà nù. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀! Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn obìnrin ń ṣe ìpàdé ní Ìjerò. Mo lọ. Mo dìde láàárín wọn, mo sì sọ ọ́: pé Rebecca ló ṣe èyí tó dùn, èmi ni mo ṣe èyí tó bàjẹ́, irọ́ ni mo pa nígbà méjèèjì. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Awóṣùsì ní kí n jókòó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí akọ̀wé máa ka ìwé ìpàdé lọ. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fura tẹ́lẹ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀. Táksí tó ṣíwájú tèmi ló gbé ìròyìn náà dé Aramoko. Nígbà tí mo máa fi wọlé, Yèyé ti gbọ́, ọkọ mi ti gbọ́, ìyàwó dókítà pàápàá ti gbọ́.

Ní Sátidé, Rebecca jí mi ní ìdájí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, òtútù mú. Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó fi wàrà hàn mí, nínú aṣọ funfun tó so rọ̀ sára òpó láti ìrọ̀lẹ́ àná, omi rẹ̀ sì ti kán sínú abọ́ kan lábẹ́. Omi yẹn, omi wàrà, ló ń fi po fùláwà. Kì í ṣe omikan. Lẹ́yìn náà ló fi igun yàrá hàn mí, níbi tí àmù omi mímu rẹ̀ jókòó sí lórí iyanrìn tútù. Ibẹ̀ ló ń gbé ìyẹ̀fun náà sí ní gbogbo ìgbà tó bá ti ká a, kí bọ́tà inú rẹ̀ lè tutù kí ó má baà yọ́. Kò gbé nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ìtìjú mú mi débi pé mo ṣe bí ẹni pé èéfín ló wọ̀ mí lójú, iná kò sì tíì sí níbẹ̀.

Mo ní kí ó má fọwọ́ kàn án, èmi ni mo fẹ́ ṣe é. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ń pa á."

Mo yí i, mo ká a, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo fi wàrà sí i, èmi ni mo pa ẹnu rẹ̀ dé, èmi ni mo tún iyanrìn dà sínú ìkòkò irin, tí mo kó ẹyin iná lé ọmọrí. Nígbà tí mo ṣí i, wọ́n ti wú, wọ́n pọ́n, ìpele ìpele wọn ṣeé kà. Mo fọ́ ọ̀kan sí méjì. Ohùn tó mú jáde dùn mọ́ mi ju orin lọ. Rebecca fò sókè, ó sì dì mọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé owú ti tán nínú mi. Bó ṣe dì mọ́ mi, ohun tí mò ń rò ni pé bí mo bá gbé e dé iwájú Yèyé, ó máa jẹ ẹ́, á sì pe orúkọ mi.

Àwa méjèèjì la jọ gbé e wọlé. Ojú Yèyé ti pòkúdu láti ọdún méjì sẹ́yìn, òjìji ènìyàn ló ń rí, kì í rí ojú wọn. Mo bu ọ̀kan fún un lọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tó jẹ ohun tó le. Ó mí kanlẹ̀.

"O ṣeun, Rebecca," ó ní. "Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tí á se tìrẹ fún ọ."

 Irú ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé èmi ni? Rebecca wò mí, ó wo Yèyé, ó kúnlẹ̀.

"Yèyé, uṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́," ó ní. "Ìyálé mi ló ṣe é. Mi ò fọwọ́ kàn án rárá."

Yèyé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò lágbára nínú. Ó na ọwọ́, ó wá orí Rebecca kàn, ó sì fọwọ́ pa á.

"O tún fẹ́ gbé e fún un," ó ní. "Ó tó báyìí, ọmọ mi. Àní wọ́n ti sọ òtítọ́ náà ní Ìjerò, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n."

 Yèyé lá ṣúgà tó kù lẹ́nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Èmi ni mo sún mọ́ àwo náà jù. Mo mú ọ̀kan, mo sì fi í sí i lọ́wọ́.